Ibo Ni Kí Màmá Mi Sùn ní Pelourinho?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Màmá mi ti lé ní 70 ọdún. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn èèyàn ń bọ Yemọja àti Ọya ní ìlú Salvador, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Owó ti wà báyìí, a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n lè rìn dáadáa níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, àtẹ̀gùn ni kò bá wọn lára mu. Mo ti rí ibi mẹ́ta. Ilé ìtura kan wà ní Largo do Pelourinho gan-an, gbàgede kan ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ Salvador, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan, fọ́tò rẹ̀ sì wù mí gan-an. Èkejì jẹ́ pousada, ìyẹn ilé ìtura kékeré, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Santo Antônio Além do Carmo. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká fi méjèèjì sílẹ̀, ká lọ sùn sí Barra létí òkun, pé ibẹ̀ ni ilé ìgbàlódé tó ní lífíìtì wà. Èwo ni kí n mú? — *Ọmọ Màmá*

Ìdáhùn: Ẹ mú ti Santo Antônio. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó, nítorí yàrá tí wọ́n bá fún yín nínú ilé náà ṣe pàtàkì ju ilé náà fúnra rẹ̀ lọ.

Kí n tó máa dáhùn lẹ́tà níbí, ẹ̀yìn tábìlì ìgbàlejò ilé ìtura ni mo ti jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò yàrá. Ayàwòrán á dúró sí kọ̀rọ̀, á tan gbogbo iná, á to òdòdó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ń ya àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó ń ya ibi tí takisí ti máa já àlejò sílẹ̀ tòun tẹrù. Bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò àtijọ́, ohun méjì yẹn ló máa pinnu bóyá àgbàlagbà á gbádùn ìrìn-àjò náà tàbí inú yàrá ni wọ́n á jókòó sí. Ojú títì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn kẹ́ ẹ tó yan ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Orí òkè ni àwọn ará Potogí tẹ Salvador dó sí ní 1549, níbi tí wọ́n ti lè máa wo ọkọ̀ tó bá ń wọ inú Baía de Todos os Santos, ìyawọlẹ̀ omi òkun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Òun ni olú ìlú Bràsíìlì títí di 1763. Ìlú òkè wà, ìlú ìsàlẹ̀ wà. Elevador Lacerda, lífíìtì gogoro tó ti ń gbé èèyàn láti 1873, wà lára ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ìlú òkè ni Pelourinho wà, àmọ́ orí òkè náà kò tẹ́jú káàkiri. Tẹ́ ẹ bá dúró ní gbàgede Terreiro de Jesus, ilẹ̀ tẹ́jú láti ibẹ̀ dé gbàgede Praça da Sé, títí dé ẹnu lífíìtì yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá kọjú sí àríwá, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gba àárín Largo do Pelourinho sọ̀ kalẹ̀, tó bá kanlẹ̀ tán á tún gbéra ní Ladeira do Carmo, ó di òkè kẹ́ ẹ tó dé Santo Antônio. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Santo Antônio lọ sí Terreiro de Jesus á kọ́kọ́ sọ̀, á sì tún gùn. Máàpù orí fóònù á sọ fún yín pé ìrìn díẹ̀ ni. Kò ní sọ ti òkè, kò sì ní sọ ti òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, òkúta tí ẹsẹ̀ àìmọye èèyàn ti mú dán, tó ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí, àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló wà. Bí Màmá bá ti yọ ẹsẹ̀ síta, òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀nà kẹta. Ọkọ̀ kì í wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú títì àárín Pelourinho. Takisí á já yín sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà rẹ̀ ti pin, ẹ̀yin á sì wọ́ àpótí lórí òkúta.

Ti ariwo ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù yẹn ni Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1704, tí wọ́n fi owó àti agbára tiwọn kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀. Ẹ mú Màmá lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá ibi jókòó fún wọn kí èrò tó pọ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú wọn nígbà tí ìlù bá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, orin á bọ́ sí ìgboro, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Kéèyàn lọ bá ìlù, kó sì padà síbi tó dákẹ́ lọ sùn, ìyẹn dára fún àgbàlagbà. Kí ìlù máa kan fèrèsé ẹni tí orúnkún ń ro lóru, ìyẹn kò dára.

Bí ẹ bá lè fi ìrìn-àjò náà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni ọdún Santa Bárbara, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń bọ pọ̀ mọ́ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn á pọ́n fòò fún aṣọ pupa. Ohun tí Màmá ń wá gan-an nìyẹn, àmọ́ ẹ tètè gba yàrá.

Ẹ tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Òpó tí wọ́n ti ń na àwọn ẹrú ní gbangba wà ní àdúgbò yẹn nígbà kan, òun ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Pelourinho. Àwọn ilé aláràbarà tẹ́ ẹ ń rí nínú fọ́tò, iṣẹ́ àṣekú àwọn èèyàn wa ló sọ àwọn tó kọ́ wọn di ọlọ́rọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá àgbà kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu afinimọ̀nà láàárín èrò. Ẹnu ọmọ wọn ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, nílé, ní ìjókòó.

Ó wá ku Santo Antônio. Ojú títì ibẹ̀, Rua Direita, gba orí òkè lọ, ó tẹ́jú tó fún ẹsẹ̀ Màmá, ọkọ̀ sì ń gbà á, takisí á dé ẹnu ọ̀nà yín. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú àwọn ilé náà. Nígbà tí ìjọba tún Pelourinho ṣe láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ń gbé, ilé sì di ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀nà kan níbẹ̀ dá páropáro lálẹ́ bí ọjà bá ti tú. Inú mi kì í dùn sí i bí mo bá rántí. Ní Santo Antônio, ẹ ó ṣì rí ẹni tó gbé àga síta lẹ́nu ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yàrá wá dé. Àwọn ilé tó wà ní apá omi, ẹ̀yìn wọn ló wo Baía, ibẹ̀ sì ni oòrùn ń wọ̀ sí. Yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Ṣùgbọ́n etí òkè ni wọ́n kọ́ ilé sí, ẹ̀yìn ilé lè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé yàrá tó ń wo omi á wà nísàlẹ̀ ojú títì. Àtẹ̀gùn lẹ ó sọ̀ débẹ̀, àtẹ̀gùn náà lẹ ó gùn láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó rí búrẹ́dì jẹ. Nítorí náà ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà?” Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì purọ́. Ẹ bi wọ́n pé: láti ẹnu ọ̀nà ìta dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn mélòó ni? Láti bẹ́ẹ̀dì dé ibi oúnjẹ àárọ̀, mélòó? Ṣé ìloro wà lẹ́nu balùwẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá? Bí kò bá sí yàrá ẹ̀yìn tó tẹ́jú, ẹ gba ti iwájú. Ẹ̀yin lè gbé àga lọ sí ẹ̀yìn nírọ̀lẹ́ láti wo oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà dá yín lóhùn, kí nọ́ńbà yàrá náà sì wà nínú lẹ́tà. Mo sọ èyí nítorí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Bí ilé bá kún, ẹni tí kò ní nọ́ńbà lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń kó lọ sí yàrá tó ṣẹ́kù, ẹni tó bá mú lẹ́tà dání ni wọn kì í lè ṣí nípò. Ilé tó bá ní òun ò lè sọ nọ́ńbà yàrá kan pàtó fún arúgbó, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má retí lífíìtì. Ìjọba ń dáàbò bo àwọn ilé àdúgbò yìí, UNESCO náà sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Onílé kò lè déédéé la àjà ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, ìyẹn kì í ṣe àìbìkítà rárá.

Láàárọ̀, ẹ wọ takisí lọ sí Terreiro de Jesus, kẹ́ ẹ máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú níbẹ̀. Museu Afro-Brasileiro, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn èèyàn dúdú, wà nínú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tẹ́lẹ̀. Carybé, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, gbẹ́ àwọn òrìṣà sára pákó kédárì 27 síbẹ̀, wọ́n sì tóbi. Ẹ bi ilé ìtura bóyá ó ṣí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ má bàa mú Màmá rìn lásán.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ní ìtumọ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ti pọ̀ jù fún Màmá, Barra ni kẹ́ ẹ lọ láìjiyàn, torí lífíìtì wà níbẹ̀, ilẹ̀ sì tẹ́jú létí òkun. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé, wọ́n ṣì lè ṣe díẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí Barra, ọ̀sán gangan nínú oòrùn ni yóò máa bá Pelourinho, nígbà tí èrò pọ̀ jù. Kò ní rí i láàárọ̀ kùtù, tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń kí ara wọn lójú fèrèsé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Onílù ni mí, mo sì fẹ́ lọ sí Salvador nígbà Carnival. Ibi tó bá sún mọ́ ìlù jù ni mo fẹ́ sùn sí. Owó mi kò pọ̀. — *Ọmọ Àyàn*

Ìdáhùn: Ọmọ Àyàn, fèrèsé tí mo kọ̀ fún Màmá lókè yìí, ìwọ ló tọ́ sí. Pelourinho ni Olodum, ẹgbẹ́ onílù tó lókìkí, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Wá ibùsùn ẹyọ kan nínú yàrá àjọsùn láàárín àdúgbò náà, kó o sì bi wọ́n bóyá àpótí tó ṣeé tì wà fún ẹrù rẹ. Ṣùgbọ́n tún ọ̀rọ̀ Carnival rò. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í ta alẹ́ kan ṣoṣo lásìkò náà, odidi ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń tà pa pọ̀, owó rẹ̀ sì ń fò sókè. Pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, mo fẹ́ kó o lọ ní àkókò mìíràn, kó o lo Tuesday tó pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Wàá gbọ́ ìlù, wàá sì ráyè bá onílù sọ̀rọ̀. Bí o bá ń padà lálẹ́, ojú ọ̀nà tí èèyàn wà ni kó o gbà, bó tilẹ̀ jìn díẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá tó ń bójú tó arìnrìn-àjò wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi gbọ́ pé àjà ṣọ́ọ̀ṣì kan já lu èèyàn ní Salvador, ẹ̀rù wá ń bà á láti sùn nínú ilé àtijọ́ níbẹ̀. Ṣé kí a yẹra ni? — *Baálé Ilé*

Ìdáhùn: Òótọ́ ló gbọ́. Oṣù Kejì 2025 ni apá kan àjà ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco já lulẹ̀, ó sì pa arìnrìn-àjò kan. Ẹ má fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣeré. Ilé tí èèyàn ń sùn sí lójoojúmọ́, tí onílé rẹ̀ ń tún ṣe, ṣeé gbé, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni òjò ń pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ohun tí àwọn àlejò kọ nípa ilé náà láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba òórùn, ògiri tó rin, àti omi tó ń kán. Ẹ ní kí onílé ya fọ́tò àjà yàrá yín ránṣẹ́. Ilẹ̀ onípákó ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn, torí náà ẹ bi wọ́n ibi tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Iná ìlú náà, 127 volts ni. Ṣájà fóònù á ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ bá gbé láti ilé kò ní gbóná dáadáa, ẹnu wáyà wa kò sì bá ihò tiwọn mu. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń so ó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí yàrá náà ń rùn tàbí tí àjà rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, ẹ má tú ẹrù. Ẹ padà síwájú lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń dúró lẹ́bàá àpótí tí wọn kò tíì ṣí, wọ́n á tètè wá yàrá mìíràn fún un. Ẹni tó bá ti sùn síbẹ̀ mọ́jú, ọ̀la ni wọ́n máa ń ní kó padà wá.