Ìgbà wo ni tẹlifíṣọ̀n DW (Deutsche Welle) ti Jámánì bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Ọ̀fà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1992 ni. Ọdún 1953 táwọn kan máa ń dárúkọ ní Ìlọrin níbí, ti rédíò Deutsche Welle nìyẹn. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n RIAS-TV tó wà ní Berlin, tí Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí láti 1988, kò níṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ mọ́. Òun ni DW jogún, tí wọ́n sì gbé sórí sátẹ́láìtì. Ọdún 2015 ni ìkànnì Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ń wò lórí díìṣì yín di oníwákàtí mẹ́rìnlélógún. Rédíò wọn ti ń sọ Háúsá láti 1963. Ó wù mí gan-an kí Yorùbá náà wà níbẹ̀.