Wákàtí awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó gba ẹrù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà ni ẹ̀ ń darí, ẹrù ń pẹ́ dé, owó ìdúró tí ẹ ń béèrè nígbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró pẹ́ níbi ẹrù kì í wọlé, ọkọ̀ ń rìn lófìfo ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn awakọ̀ ò sì fẹ́ gbé fóònù yín mọ́. Ó jọ ìṣòro mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: a ti gba ẹrù ká tó ka wákàtí tó kù lọ́wọ́ awakọ̀, ìyẹn wákàtí tí òfin ṣì fàyè gbà á láti fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ lè wà ní sẹpẹ́, epo lè kún táǹkì dẹ́nu, bí wákàtí bá ti tán, ẹrù ò lọ ibì kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pọ̀. Ká ní ìrìnàjò náà jẹ́ kìlómítà 640. Ẹ má fi eré tí ọkọ̀ lè sá jù ṣírò o. Ẹ wo àkọsílẹ̀ GPS ọkọ̀ yín lójú ọ̀nà yẹn gan-an, kí ẹ mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 80 ní wákàtí kan, wákàtí 8 nìyẹn. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 6 àárọ̀, ó yẹ ọkọ̀ wò yíká, ó wà á lófìfo fún wákàtí kan dé ibi ẹrù, aago 8 ni àdéhùn rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi wákàtí 2 di ẹrù fún un, ó gbéra ní aago 10. Ẹ fi ìsinmi ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú 15 fún epo kún un, yóò dé ní aago 6:45 ìrọ̀lẹ́, wàhálà kankan ò sí. Ṣùgbọ́n bí wákàtí 4 ni wọ́n fi di ẹrù ńkọ́? Aago 8:45 alẹ́ ni yóò dé. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 àárọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ lẹ́yìn aago 8 alẹ́, torí wákàtí 14 ló ní látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wákàtí 11 tó lè fi wakọ̀ wà. Wákàtí 14 yìí ń lọ ni, ì báà jẹ́ pé ìjókòó ni awakọ̀ wà síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, àyàfi tó bá pín ìsinmi rẹ̀ sórí ibùsùn inú ọkọ̀ lọ́nà tí òfin fàyè gbà. Ìṣẹ́jú 45 ba àdéhùn jẹ́, wákàtí 10 ìsinmi sì di dandan kí táyà tó tún yí.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìṣẹ́jú 45 ni ìsinmi lẹ́yìn wákàtí 4 ààbọ̀ ìwakọ̀, wákàtí 9 ni ti ọjọ́ kan, a sì lè fà á dé 10 lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Wákàtí 8 ti ẹrù àti 1 ti òfìfo ti pé 9 géérégé, kò ṣẹ́ kù fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Níbi tí òfin ò bá tilẹ̀ sọ nǹkan kan, oorun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ṣírò ọ̀hún náà.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé n kì í gba àdéhùn ìjáẹrù tí àyè tó wà láàárín aago tí ìṣirò ní ọkọ̀ yóò dé àti aago àdéhùn ò bá tó wákàtí 2 gbáko. Bí ìdiẹrù bá ti jẹ àyè yẹn tán, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ pe ẹni tó ń gba ẹrù, kí ọkọ̀ tó gbéra pàápàá. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún ṣáájú sábà máa ń rí àkókò mìíràn fún yín lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí àkókò rẹ̀ ti kọjá lójú rẹ̀ lè ní kí ẹ padà wá lọ́la tàbí lọ́túnla.

Ẹ ya pátákó kan, kódà kó jẹ́ tábìlì lásán lórí kọ̀ǹpútà: ọkọ̀, awakọ̀, wákàtí tó kù lónìí, wákàtí tó kù lọ́sẹ̀, ibi tí ọkọ̀ yóò ti ṣófo, aago tí yóò ṣófo, ọjọ́ tí yóò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ máa tún un kọ láàárọ̀ àti ní nǹkan bí aago 2 ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹjú mọ́ ibi tí ọkọ̀ wà báyìí. Ibi tí yóò ti ṣófo àti aago rẹ̀ ló ń pa owó. Ọkọ̀ tí a bá wá ẹrù fún lẹ́yìn tó ti ṣófo tán, ẹrù tí a bá rí la ó gbà, ní iye tí wọ́n bá fẹ́ san.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ gbà, ẹ béèrè ìwọ̀n ẹrù gan-an, iye pálẹ́ẹ̀tì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé), àdírẹ́sì tòun ti géètì tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé, bóyá àdéhùn aago ni tàbí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń dá lóhùn, ẹni tí yóò já ẹrù àti ẹni tí yóò sanwó fún un, iye okùn tí wọ́n fẹ́ kí a fi so ẹrù, àti nọ́ńbà tí èèyàn máa gbé ní aago 2 òru. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ tútù, ẹ wò ó dáadáa bóyá Celsius ni wọ́n kọ tàbí Fahrenheit. Ìwọ̀n 2 Celsius ń tọ́jú ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n 2 Fahrenheit yóò sọ ọ́ di yìnyín, ẹ̀yin ni ẹ ó sì san owó ẹrù. Kí awakọ̀ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ amútutù náà kó tó kúrò níbẹ̀.

Ó wá kan owó ìdúró, tó dà bíi pé òun ló ń dùn yín jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí kì í fi í wọlé ni pé ẹ̀yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Nínú ìwé àdéhùn owó, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ wákàtí ọ̀fẹ́ sí, ìyẹn ìdúró tí wọn kì í sanwó fún (wákàtí 2 ló wọ́pọ̀), iye tí wọ́n ń san ní wákàtí kan, ibi tí owó náà mọ, àti gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò: pé ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí kí wákàtí ọ̀fẹ́ tó pé. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín. Bí ọkọ̀ bá dé ṣáájú àdéhùn, láti aago àdéhùn ni wọ́n ti máa ń kà. Bí ó bá pẹ́ dé, ẹ̀tọ́ yín sábà máa ń bọ́.

Nítorí náà, kí awakọ̀ gba aago ìwọlé àti ìbuwọ́lù ẹ̀ṣọ́ sórí ìwé ẹrù lẹ́nu géètì. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 30 kí wákàtí ọ̀fẹ́ pé, ẹ kọ̀wé, ẹ má kàn pè lórí fóònù. Báyìí ni kó ṣe rí: “Ọkọ̀ wa wọ géètì ní 9:40. Àdéhùn jẹ́ 10:00. Aago 11:30 ti lù, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù. Wákàtí ọ̀fẹ́ yóò pé ní 12:00, owó ìdúró yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì pé ẹ ti rí i.” Bí ọkọ̀ bá jáde, kí awakọ̀ gba aago ìjáde pẹ̀lú ìbuwọ́lù kejì. Ẹ so ìwé náà, àkọsílẹ̀ GPS àti lẹ́tà yẹn mọ́ ìwé owó lọ́jọ́ kan náà. Bí ilé ẹrù kan bá dá yín dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi wákàtí rẹ̀ kún iye tí ẹ ó béèrè nígbà mìíràn tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti ìrìn òfìfo, owó ẹrù nìkan kọ́ ni kí ẹ máa wò. Ẹrù kan san 900 fún kìlómítà 600, ẹ sì máa rí òmíràn ní kìlómítà 50 síbi tí ẹ ti já a. Èkejì san 1,000 fún kìlómítà 600 kan náà, ṣùgbọ́n kìlómítà 250 ni ẹ ó rìn lófìfo kí ẹ tó rí ẹrù. 900 pín sí 650 jẹ́ 1.38; 1,000 pín sí 850 jẹ́ 1.18. Èyí tó dà bíi pé ó kéré ló pé yín. Ẹ sì má gbàgbé pé kìlómítà 250 yẹn ń jẹ wákàtí awakọ̀ tó lé ní 3. Ọ̀nà tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ jù ni kí n fi ìlú mẹ́ta so ìrìnàjò pọ̀ dípò àlọ-àbọ̀, torí pé ibi tí ẹrù ti ń jáde púpọ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tí ẹrù ń lọ.

Àwọn awakọ̀ ò gbé fóònù yín torí pé ẹ̀ ń pè wọ́n jù, mo gbà yín níyànjú kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó wà lórí ìjókòó ọkọ̀ tó ń sáré kò yẹ lẹ́ni tí à ń bi ní “Ibo lo dé?” nígbà tí GPS wà níwájú yín. Ẹ fi gbogbo àlàyé ẹrù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àdírẹ́sì, aago, nọ́ńbà ìgbẹ́rù, ìwọ̀n, ẹni tí yóò béèrè fún. Kí òun náà fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ nígbà mẹ́rin: mo ti dé ibi ẹrù, mo ti gbéra, mo ti dé ibi ìjáẹrù, mo ti ṣófo. Bí ó bá sọ pé ó ti rẹ òun, ọ̀rọ̀ tán. Ní Amẹ́ríkà, òfin kọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀, alárinà àti olówó ẹrù láti fipá mú awakọ̀ rú òfin wákàtí. Ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ̀mí ni.

Ìwọ̀n ẹrù náà ń ba ọjọ́ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, 80,000 pọ́n-ùn ni àpapọ̀ ọkọ̀ àti ẹrù lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, 34,000 lórí axle (irin tó gbé táyà) méjì tó tẹ̀ léra. Ọkọ̀ lè wà lábẹ́ 80,000, kí ẹ̀yìn tírélà nìkan sì jẹ́ 34,900. Ẹ yọ pín-ìnnì tó di táyà ẹ̀yìn tírélà mú, kí ẹ sún táyà náà sẹ́yìn, ìwúwo yóò padà sórí ọkọ̀ tó ń fà á; bí ti ọkọ̀ ló wúwo jù, ẹ sún un síwájú. Ihò pín-ìnnì kan tí ẹ bá sún un kọjá máa ń gbé nǹkan bíi 250 sí 400 pọ́n-ùn, ó wà lọ́wọ́ bí àwọn ihò ṣe jìnnà síra. Orí ìwọ̀n tó bá sún mọ́ ibi ẹrù jù ni kí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ gùn, kó lè rọrùn láti padà lọ tún ẹrù tò.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹrù tí alárinà kan gbà tó tún yí sọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí owó rẹ̀ sábà máa ń di àwátì. Ẹ wá orúkọ alárinà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì. Ẹ ka àdírẹ́sì ímeèlì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí awakọ̀ yín dárúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu géètì, kó yí ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Fọ́tò ìwé ìgbẹ́rù tí wọ́n ti buwọ́ lù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín kí ọkọ̀ tó kúrò ní ọgbà tó ti já ẹrù. Ẹ là á wò: orúkọ tó ṣeé kà, déètì, iye pálẹ́ẹ̀tì, àti ohunkóhun tí wọ́n kọ nípa ẹrù tó fọ́ tàbí tó dín. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú, kó tún un yà níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó buwọ́ lù ú ṣì wà nítòsí.