Gàárì fún ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀: ẹ wo ìrísí igi kí ẹ tó wo nọ́ńbà

Ohun tí ẹ béèrè nìyí: ẹṣin yín fẹ̀ lẹ́yìn, ṣóńṣó èjìká rẹ̀ (ìyẹn òkè èjìká níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí) kò fi bẹ́ẹ̀ yọ, ẹ ti ra gàárì tí wọ́n kọ "wide" (ìyẹn, fífẹ̀) sí lára, síbẹ̀ ó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹṣin sì ń tẹ etí sẹ́yìn ní gbàrà tí ẹ bá ti ń fa ọ̀já àyà (èyí tó gba abẹ́ àyà ẹṣin di gàárì mú). Ẹ wá ń rò ó bóyá kí ẹ ra èyí tó tún fẹ̀ jù ú lọ, tàbí kí ẹ fi aṣọ tó nípọn kún abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Bí gàárì bá fẹ̀ níwájú tí kò sì jókòó, ìrísí igi inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Igi gàárì ni férémù líle tí wọ́n fi awọ àti tìmùtìmù bò. Ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ ike, igi náà là ń pè é. Oríṣi méjì ló yẹ kí ẹ lè dá mọ̀. Èkíní rí bíi lẹ́tà A: apá rẹ̀ méjèèjì gba òkè wá sílẹ̀ tààrà. Ẹṣin tí ṣóńṣó èjìká rẹ̀ ga, tí ìhà rẹ̀ sì dà wálẹ̀, ló wà fún. Èkejì tẹ́ lókè kó tó ṣẹ́ wálẹ̀, bíi lẹ́tà U tí a dojú rẹ̀ dé. Àwọn irú ẹṣin kúkúrú tó fẹ̀ bíi Haflinger, Fjord, Highland àti cob, àwọn ẹṣin ńlá tí a fi ń fa ẹrù, àti ọ̀pọ̀ ẹṣin Lárúbáwá, èkejì yìí ló sábà ń bá wọn mu. Bí ẹ bá gbé irú A lé irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tí kò bá fẹ̀ tó, ẹnu apá rẹ̀ méjèèjì á máa gún ẹran tó wà lẹ́yìn èjìká. Tí ẹ bá sì ṣí i títí tí kò fi gún ibẹ̀ mọ́, iwájú gàárì á rì, á máa tì yín síwájú, gbogbo ìwúwo á sì kó sórí èjìká. Ohun tí ìrísí bá bàjẹ́, ìbú kò lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára gàárì kò tó gbọ́kàn lé. Kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo aṣegàárì jọ fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ń wọn àárín ìṣó méjì tó wà níwájú, àwọn kan ń wọn ìsàlẹ̀ níbi tí apá igi parí sí, àwọn mìíràn ń fi àwọ̀ ṣe àmì. "Wide" ti ẹnìkan lè má ju "medium" (ìwọ̀n àárín) ti ẹlòmíràn lọ. Gàárì tí a lè pààrọ̀ irin iwájú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: iwájú nìkan ni irin yẹn ń ṣí. Apá igi tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sẹ́yìn kò kúrò níbi tó wà, igun tìmùtìmù kò sì yí padà. Bákan náà ló rí pẹ̀lú gàárì àwọn darandaran Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn á máa béèrè iwájú tó fẹ̀ ní íńṣì 7 tàbí 8, nígbà tó jẹ́ pé bí pákó méjèèjì tó sùn lé ẹ̀yìn ẹṣin ṣe dà sí ló ń pinnu bóyá ó máa jókòó.

Torí náà, ẹ ya ẹ̀yìn ẹṣin sórí páálí kí ẹ tó wá gàárì kankan. Ẹ wá rúlà rírọ̀, èyí tó máa ń dúró bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́. Kó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, torí èyí tó kúrú kò ní dé ìsàlẹ̀ ìhà ẹṣin tó fẹ̀. Ẹ tún wá ṣọ́ọ̀kì, páálí àti sísọ́ọ̀sì. Kí ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí orí rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà bó bá ń rìn. Bó bá tẹrí ba láti jẹ koríko, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé sókè, ohun tí ẹ bá yà kò ní jẹ́ òótọ́.

Ẹ fọwọ́ wá etí ẹ̀yìn eegun palaba èjìká. Lára ẹṣin tó sanra, ó lè farasin. Kí ẹnìkan gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, kó rọra nà án síwájú, ẹ óò sì mọ eegun náà bó ṣe ń sún sẹ́yìn lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí etí rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti padà sílẹ̀. Ẹ ya àkọ́kọ́ ní nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn ilà yẹn, èkejì níbi tí ẹ̀yìn ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀kẹta ní ọ̀gangan eegun ìhà ìkẹyìn. Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ fà gba orí ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ṣóńṣó èjìká lọ dé ibi ìhà ìkẹyìn yẹn. Ẹ fi àárín rúlà sí orí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara láti òkè lọ sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé e wá sórí páálí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ tọ inú rẹ̀ (apá tó kan ara ẹṣin), ẹ kọ òsì, ọ̀tún àti ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ gbé e padà sórí ẹṣin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ tún un yà.

Ní báyìí, ẹ mú páálí àkọ́kọ́. Láti orí rẹ̀ gan-an, ẹ wọn 5 sẹ̀ǹtímítà wálẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀; ẹ ṣe bákan náà ní 10 sẹ̀ǹtímítà. Bí ìbú ti ìsàlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òkè, ẹ̀yìn onílẹ́tà A nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òkè ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, igi tó tẹ́ lókè ni kí ẹ máa wá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òmíràn fún yín. Ẹ tún ká páálí náà sí méjì ní ọ̀gangan ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ni èjìká kan ti tóbi ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi ni kí gàárì bá mu, kí ẹ wá fi ègé fóòmù dí àyè tó bá kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí ẹ bá ń wọn gàárì fúnra rẹ̀, kí aṣọ kankan má sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, lórí èjìká, kí ẹ rọra fà á sẹ́yìn títí tó máa fi dúró fúnra rẹ̀. Apá igi gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn eegun palaba, torí eegun yẹn ń sún sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá nà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹni tó kánjú á fi gàárì sílẹ̀ lórí èjìká, á wá máa sọ pé ó há.

Ẹ na ọwọ́ pẹrẹsẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ẹṣin, kí ẹ tì í bọ abẹ́ iwájú tìmùtìmù láti òkè lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́ lókè ló yẹ kó ṣe tẹ̀ yín nísàlẹ̀. Bó bá rọ̀ lókè tó sì fún ìka yín mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, ó há. Bó bá tẹ̀ yín lókè tó sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó fẹ̀ jù. Lẹ́yìn èyí, ẹ tì í láti iwájú lọ sẹ́yìn lábẹ́ tìmùtìmù. Bí ọwọ́ bá bọ́ sínú àyè òfìfo láàárín, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni gàárì dúró lé. Ẹ̀yìn tó tẹ́jú ní ìṣòro òdìkejì: tìmùtìmù tó tẹ̀ kọdọrọ á máa fì síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹ tẹ iwájú gàárì. Bí ẹ̀yìn bá gbé sókè, irú tìmùtìmù yẹn kọ́ ló tọ́ sí ẹṣin yín.

Ẹ fi pẹ́ńsù tó rí roboto sórí ìjókòó. Àárín ló yẹ kó yí wá dúró sí. Bó bá yí lọ sẹ́yìn, iwájú gàárì ti gbé sókè, ó há nìyẹn. Nípa àyè tó wà lókè ṣóńṣó èjìká, mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ pé kí àyè wà níbẹ̀, torí náà bí wọ́n bá rí ìka mẹ́rin, inú wọn á dùn. Lórí ẹṣin tó fẹ̀, ìka mẹ́rin kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Gàárì kò rí àyè wọlẹ̀ ló ṣe ga bẹ́ẹ̀. Ìka méjì tó ṣì dúró nígbà tí ẹ bá ti wà lórí rẹ̀ tó, bí àyè díẹ̀ bá ṣáà wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó náà pẹ̀lú.

Ẹ lọ wo àlàfo àárín tìmùtìmù láti ẹ̀yìn. Kó gba ìka mẹ́ta sí mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ dín kù bó ti ń lọ sẹ́yìn. Ẹ tún wo ibi tí tìmùtìmù parí sí: kò gbọdọ̀ kọjá eegun ìhà ìkẹyìn. Ẹṣin tó fẹ̀ sábà máa ń kúrú lẹ́yìn, nígbà tí ìjókòó tó tóbi máa ń gùn, torí náà ibẹ̀ ni ẹni tó sanra ti ń ní ìdààmú. Ẹ wá gàárì tí wọ́n gé tìmùtìmù rẹ̀ kúrú lábẹ́ ìjókòó tó tóbi. Ó wà.

Yíyí tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Gàárì tó há máa ń jókòó téńté lórí ẹ̀yìn tó rí roboto, kò dì í mú. Ẹni tó ni í á wá fa ọ̀já àyà títí ẹṣin ò fi ní lè mí dáadáa, síbẹ̀ á tún yí. Bí ìrísí bá ti tọ́, ẹ wo ọ̀já náà. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹṣin yìí, kòtò àyà níbi tí ọ̀já ń jókòó sí sún mọ́ ìgúnpá, ikùn sì ń ti ọ̀já síwájú. Bí awọ tí ẹ ń de ọ̀já mọ́ bá ti ẹ̀yìn kòtò yẹn wálẹ̀, ọ̀já á sún síwájú, á sì fa gàárì gun èjìká. Awọ tó ti ẹnu apá igi wálẹ̀ ló dára jù fún wọn, pẹ̀lú òmíràn tó ti ẹ̀yìn wá pàdé rẹ̀ bíi lẹ́tà V. Ọ̀já tí wọ́n gé kí àárín rẹ̀ tẹ̀ síwájú náà máa ń ṣèrànwọ́. Ẹ gun orí àpótí kí ẹ tó gùn ún. Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀ gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ sórí àlùkẹ́ḿbù (irin tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀) kan, kò sí gàárì tí kò ní fà wọ́ lórí ẹṣin tí kò ní ṣóńṣó èjìká. Gàárì tí kò nígi nínú kò yanjú èyí. Ó máa ń yí ju ti onígi lọ, ìwúwo yín á sì kó jọ sí ibi tí àlùkẹ́ḿbù so mọ́.

Aṣọ tó nípọn lábẹ́ gàárì tó há dà bí ìbọ̀sẹ̀ nínípọn nínú bàtà tó ti fún tẹ́lẹ̀. Ó tún ń gbé gàárì sókè, ó sì ń mú kó yí sí i. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Aṣọ tínínrín kan ti tó lábẹ́ gàárì tó bá ẹṣin mu.

Kí ẹ tó sanwó àlòkù, ẹ yẹ igi rẹ̀ wò. Ẹ fi iwájú rẹ̀ ti itan, kí ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Ìjókòó lè tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà, ṣùgbọ́n bó bá ká tàbí tó dún, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ di apá iwájú méjèèjì mú, kí ẹ fún wọn pọ̀: kò gbọdọ̀ mì rárá. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo tìmùtìmù, ẹ wá ibi tó ti dì tàbí tó ṣófo.

Ẹ gùn ún fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tú u. Òógùn yẹ kó dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ojú ọ̀pá ẹ̀yìn gbẹ. Ojú kékeré tó gbẹ láàárín òógùn lẹ́yìn èjìká lè jẹ́ ibi tí igi ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, ó sì lè jẹ́ ibi tí gàárì kò kàn rárá. Ọwọ́ tí ẹ tì bọ abẹ́ tìmùtìmù ló máa sọ èwo ni. Bí irun funfun bá hù níbẹ̀, ìpalára ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí kòtò bá ti wà lẹ́yìn èjìká nítorí gàárì tó há tẹ́lẹ̀, ẹ má ra gàárì tó bá kòtò yẹn mu, torí ẹran ibẹ̀ á padà wá nígbà tí ohun tó ń fún un bá kúrò. Ẹ ra èyí tó bá ara rẹ̀ mu nígbà tó bá kún, kí ẹ fi ègé fóòmù dí kòtò náà, kí ẹ sì máa dín in kù bó ti ń kún.

Irun àgùntàn inú tìmùtìmù gàárì tuntun máa ń wọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí aṣegàárì tún un kún nígbà náà, lẹ́yìn ìyẹn kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹṣin irú èyí máa ń tètè sanra nígbà tí koríko bá pọ̀, ọ̀rá a sì máa kó jọ sẹ́yìn èjìká gan-an. Ẹ tọ́jú àwọn páálí yẹn, kí ẹ tún ẹ̀yìn rẹ̀ yà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ máa gbé tuntun lé ti àtijọ́. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́yìn èjìká, ẹ pe aṣegàárì kí ẹ tó tún gùn ún.