Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé Dandan Ni Ìlapa Èrò Kí A Tó Kọ Ìtàn Àròsọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná lóru, tí àwọn ọlọ́pàá sì ń fura pé òun fúnra rẹ̀ ló dáná sun ún. Nínú àwa tí a jọ ń kọ̀wé, tí a máa ń pàdé ní Mọ́kọ́lá, ẹnì kan ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìmọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní ìlapa èrò a máa pa ìtàn ní rèwerèwe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÈSÌ: Irú ìtàn tí ẹ mú lọ́wọ́ ni yóò dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀ràn kan wà nínú tiyín tí a fẹ́ tú, òǹkọ̀wé tí kò bá sì mọ ẹni tó dáná sun ìsọ̀ kò lè mọ ibi tí yóò fi àmì rẹ̀ pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́dẹ ọjà ni, ó yẹ kí á ti rí i ní orí kejì, tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lọ́wọ́, tí ó ń bèèrè ọjọ́ tí ẹrù tuntun yóò wọlé, kí ìyá aláṣọ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Àbí ìyàwó tuntun lẹ fẹ́ ra léèsì fún ni?” Òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín kọjá níbẹ̀ láìfura. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì bọ́ síni lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá náà yóò bá ọmọ rẹ̀ sọ lálẹ́ ọjọ́ tí iná jó, ẹ má ṣe lapa èrò ìyẹn rárá; bí ẹ bá ṣe ń kọ ọ́ ni ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí I. B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ní ìrísí lẹ́tà, ohùn obìnrin tó ń ròyìn ayé ara rẹ̀ ló gbé ìtàn náà ró.

Ojú ewé kan ṣoṣo ti tó fún ìlapa èrò yín. Bí ẹ bá lè yọ orí kan kúrò tí èyí tó tẹ̀ lé e kò sì mì, orí náà kò wúlò. Bí ìtàn bá sì yà kúrò ní ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀, ìlapa èrò ni kí ẹ tún kọ, ẹ má ṣe fi tipátipá wọ́ ìyá aláṣọ padà.

Ní ti àríyànjiyàn yín, ojú ewé tí ẹnì kan ti kọ ló yẹ kí ẹ jọ máa tú palẹ̀, nítorí kò sí òǹkàwé tí yóò rí ìlapa èrò ẹnikẹ́ni. Ẹ ka orí méjì àkọ́kọ́ fún wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fura sí. Bí gbogbo wọn bá dárúkọ ọlọ́dẹ, a jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì yẹn ti hàn jù.