Ṣé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PPL lọ kọ́ spin àti aerobatics? Ohun tójú mi rí rèé

Àbúrò, mo ka ìbéèrè ẹ dáadáa. O ní o ti gba PPL (ìwé àṣẹ ẹni tó ń wa bàálù fúnra ẹ̀, tí kì í fi í jẹun), Surulere lò ń gbé, o tọ́jú owó díẹ̀, o wá ń rò ó bóyá kó o fi bẹ̀rẹ̀ instrument rating (àṣẹ láti máa fi àwọn aago inú bàálù nìkan fò) ni àbí kó o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ bàálù nínú spin (kí bàálù máa yí bírí bírí já wálẹ̀), pẹ̀lú aerobatics (fífi bàálù dárà lójú òfurufú) díẹ̀, àwọn kan sì ti sọ fún ẹ pé fáàrí lásán ni, pé ẹni tó bá mọ bàálù wà dáadáa ò lè bá ara ẹ̀ nínú spin láyé. Ẹnì kan tiẹ̀ ní Cirrus, bàálù kékeré tóun ń fò, ní parachute tó ń gbé odindi bàálù sọ̀ kalẹ̀, kí ló tún kù. Èmi lọ kọ́ ọ o, Florida ni mo ti kọ́ ọ, owó mi ni mo fi san, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lọ kọ́ ọ jàre, kó o sì kọ́ ọ ṣáájú instrument. Àmọ́ kì í ṣe torí ohun tó o rò pé o fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀.

Ohun tó o rò ni pé o fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú spin. Ìyẹn ò le rárá, kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú bébà fún ẹ báyìí, wàá ti mọ̀ ọ́n sórí kí mọ́tò tó dé Ojúẹlẹ́gba. Fa throttle (ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) sẹ́yìn pátápátá, dá aileron (etí apá tó ń mú bàálù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) sáàárín, tẹ rudder (èyí tí ẹsẹ̀ fi ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì) tó lòdì sí ibi tó ń yí sí títí tí ò fi lè lọ mọ́, ti stick (ọ̀pá ìdarí ọwọ́) síwájú, tó bá ti dúró kó o dá ẹsẹ̀ padà sáàárín, kó o wá rọra fa imú ẹ̀ sókè. Ó tán. (Bàálù kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ o, ìwé tó bá a wá ni kó o tẹ̀ lé.) Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹ ò ní gbà láti ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ bá kún gbogbo gíláàsì iwájú, tó ò rí ojú ọ̀run mọ́, tí igi àti títì ń yí bírí bírí, ohun kan ṣoṣo tí ara èèyàn mọ̀ ni kó fa stick mọ́ra, torí látọjọ́ tó o ti ń kọ́ṣẹ́, tó o bá ti fà á, òkè lò ń lọ. Apá tó bá sì ṣubú, ọwọ́ á fẹ́ fi aileron gbé e, bẹ́ẹ̀ nínú stall, ìyẹn nígbà tí apá ò lè gbé bàálù dúró mọ́, aileron yẹn gan-an ló máa tún dá kún ìṣubú apá ọ̀hún.

Má rò pé àwọn ọ̀gá ò ní irú ọwọ́ yẹn. Bàálù èrò Colgan 3407 já ní ẹ̀gbẹ́ Buffalo ní Amẹ́ríkà ní February 12, 2009, èèyàn 50 ló bá a lọ. Air France 447 já sínú òkun Atlantic ní June 1 ọdún yẹn kan náà, èèyàn 228. Nínú méjèèjì, bàálù ń stall, ẹni tó ń wà á sì ń fa imú ẹ̀ sókè. Páílọ́ọ̀tì tó ń fi í jẹun ni wọ́n o, kì í ṣe èmi àti ìwọ tó ń fò lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ UPRT (ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń dènà kí bàálù bọ́ lọ́wọ́ ẹni, àti bí wọ́n ṣe ń gbà á padà) wá gbilẹ̀, ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, kọ ìwé lé e lórí, EASA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù sì sọ ọ́ di dandan láti December 2019 fún ẹni tó bá fẹ́ gba CPL, ìwé àṣẹ ẹni tó ń fi bàálù jẹun. Ẹni tó ní PPL lásán, kò sẹ́ni tó máa lé e lọ kọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ọdún 1949 ni wọ́n ti yọ spin kúrò lára ohun tí ẹni tó fẹ́ gba PPL gbọ́dọ̀ ṣe, ẹni tó fẹ́ di tíṣà nìkan ló ṣì kàn nípá.

Super Decathlon, bàálù alájókòó méjì tí wọ́n fi ń ṣe aerobatics, la lò. Iwájú ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó, tíṣà wà lẹ́yìn, o ò rí i, ohùn ẹ̀ nìkan lò ń gbọ́ nínú headset. Ká tó wọlé ó ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lápò mi sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́, fóònù, owó ẹyọ, bírò, òun fúnra ẹ̀ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ àga. Nígbà tá a dojú dé lókè, tí mo rọ̀ sórí bẹ́líìtì, tí ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wá sójú mi, eruku gbéra nílẹ̀ bàálù, ìdérí bírò kan tí Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó ni ín sì jáde látibi tó sá pamọ́ sí, ó rọra fò kọjá níwájú imú mi, ó lọ fara ti gíláàsì òkè. Ìdérí lásán nìyẹn. Ká ní kọ́kọ́rọ́ ni, tó lọ há sídìí rudder ńkọ́?

Spin àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ. A wà lókè dáadáa, ó ní kí n fa throttle sẹ́yìn, kí n máa fa stick díẹ̀díẹ̀ kí imú má bàa wálẹ̀. Atẹ́gùn tó ń hó létí bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, stick rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ mi, bàálù wá ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí. Ó ní "rudder òsì, gbogbo ẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́. Apá òsì já wálẹ̀, imú tẹ̀ lé e, kí n tó ṣẹ́jú ilẹ̀ ló kù níwájú mi, ó ń yí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí gbogbo ẹ̀ ṣe dákẹ́ tó, mo ti ń retí ariwo. Aago eré ò tiẹ̀ gòkè, ó dúró sí nọ́ńbà kékeré kan, ó ń gbọ̀n níbẹ̀, bọ́ọ̀lù inú gíláàsì tó ń fi hàn bóyá bàálù ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà ń ka ìyípo, lẹ́yìn náà ló ní "ó yá, yọ ọ́." Rudder yẹn le lẹ́sẹ̀ o! Wàá rò pé o ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò tíì tán. Mo ti stick síwájú sí ilẹ̀ tó ti kún ojú mi tẹ́lẹ̀, gbogbo ara mi ń sọ pé irọ́ lo ń pa, ó sì dúró gbà. Ó kàn dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo tó dé, eré ń gòkè, mo ń fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń sọ̀ kalẹ̀. A tún un ṣe, a tún un ṣe, títí ọwọ́ fi gbà pé síwájú ni wọ́n ń ti stick, tí mi ò ní láti máa bá a jà mọ́. Ohun tí mo fi owó rà gan-an nìyẹn.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kó o fetí sí jù lọ nìyí. Spin tó ń pa àwọn bíi tiwa kì í sábà ṣẹlẹ̀ lókè níbi tí àyè wà. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ balẹ̀ ni. O wà lórí base (ìlà tó dábùú runway, títì tí bàálù ń balẹ̀ sí), atẹ́gùn ń tì ẹ́ lẹ́yìn, kó o tó yí sí final (ìlà tó dojú kọ runway tààrà) o ti kọjá ojú runway. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó o fi apá tẹ̀ dáadáa torí ilẹ̀ ti sún mọ́lé, o wá ń fi rudder wọ́ imú ẹ̀ padà sí runway. Apá òde ń sáré ju ti inú lọ, bàálù ń tẹ̀ jù, o fi aileron dá a dúró, imú ń wálẹ̀, o fà á. Gbogbo ohun tí spin ń fẹ́ lo ti kó síbẹ̀ fún un yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó jọ nǹkan burúkú lójú ẹ. Ìwé Cessna 172, bàálù kékeré, ní kó o fi ó kéré tán 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ fún spin ẹ̀ẹ̀kan péré àti yíyọ nínú ẹ̀, ẹni tó ń yí sí final sì lè má ju 500 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ lọ. Ṣe ìṣirò ẹ fúnra ẹ.

Tíṣà mi ṣe é fún mi lókè. Ó ní ká gbà pé 4,000 ẹsẹ̀ bàtà ni ilẹ̀, ká wá ṣe base sí final lókè ibẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ bí mo ṣe ṣàlàyé yẹn. Ká má parọ́, mo ti ń retí ẹ̀, ó ṣì já mi láyà, torí apá inú ló ṣubú, ó sì dà wá dé kí n tó pe orúkọ ìyá mi. Mo yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tá a fi máa tọ́, a ti kọjá "ilẹ̀" yẹn tipẹ́, ó kàn ní "o ti kú" ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni kó o mọ bó ṣe máa ń rí lára kó tó ṣẹlẹ̀, bí ìdí ẹ ṣe máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ ṣe máa lòdì síra wọn. Tó o bá ti gbọ́ ìyẹn lára, fi throttle sí i, gòkè, lọ yí wá. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ.

Ẹni tó ní Cirrus òun ní parachute, òótọ́ ló sọ, ìwé Cirrus gan-an ní tó bá wọ spin, parachute ni kó o fà. Ṣùgbọ́n parachute náà ń fẹ́ àyè kó tó ṣí, ibi tí mò ń sọ yìí sì nìyẹn, àyè ò sí níbẹ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.

Tún gbọ́ tiwa n'Ikeja. Bàálù ńláńlá là ń tẹ̀ lé wálẹ̀ níbẹ̀, ìjì tí apá wọn ń dá sílẹ̀ sì lè gbá ẹ yí. Wọ́n á ti kọ́ ẹ pé kó o dúró lókè ọ̀nà tó gbà wálẹ̀, kó o sì kọjá ibi tó ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kó o tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ìyẹn dáa. Tó bá wá dà ẹ́ dé ńkọ́? Tó o bá fà á nígbà tó o dojú dé, ilẹ̀ lò ń fa ara ẹ lọ bá. O máa tì í díẹ̀, kó o wá fi aileron yí i síbi tí ojú ọ̀run bá ti sún mọ́ jù. Torí èyí ni mo fi ní kó o kọ́ roll (kí bàálù yí po lórí ara ẹ̀), kó o mọ bí ayé ṣe ń rí nígbà téèyàn bá dorí kodò. Loop (kí bàálù gba òkè yí òbírí padà síbi tó wà) ní tiẹ̀, adùn ni, mi ò ní purọ́ pé ó ti gbà mí lọ́wọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó dùn gan-an.

Spiral (kí bàálù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa yí wálẹ̀ pẹ̀lú eré) náà wà níbẹ̀, fún àwa tá à ń fò lásìkò ọyẹ́. Kọjá Lẹ́kkí sórí òkun nígbà tí eruku bá bolẹ̀, omi àti ojú ọ̀run á di ọ̀kan náà, apá á máa tẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ti spin, eré ò pọ̀. Ti spiral, eré ń gòkè ṣáá. Tó o bá ti rí i pé eré ń gòkè, dín throttle kù, tọ́ apá ná, lẹ́yìn náà kó o tó fa imú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fà á, ṣe ló ń fún un pọ̀ sí i, apá sì lè já.

Èébì: ó máa gbé ẹ, má tijú. Jẹ nǹkan fẹ́rẹ́fẹ́, má lọ lófìfo, mu omi dáadáa. Tí ìtọ́ bá ti ń pọ̀ lẹ́nu tí òógùn tútù ń yọ, sọ fún tíṣà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fò tààrà díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ padà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ lẹ́rán, òòyì ti ń kọ́ ọ, kò kọ́ nǹkan kan mọ́. Tí G, agbára tó ń mú kí ara wúwo, bá ń pọ̀, fún ẹsẹ̀ àti ikùn pọ̀, tójú bá ń ṣú, dẹ ọwọ́ lórí stick.

Jọ̀ọ́, má bọ́ délé kó o lọ máa gbìyànjú ẹ pẹ̀lú Cessna tó o yá. Bàálù tó wà ní normal category, èyí tí wọn ò ṣe fún aerobatics, 3.8 G ni wọ́n kọ fún un, Decathlon ń gba 6 sókè àti 5 nísàlẹ̀. Ojú òfurufú Èkó náà ò sì gba irú ẹ̀, àwọn control tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ á ti pè ẹ́ kó o tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ọwọ́ máa ń gbàgbé náà, torí náà tó o bá tún rìnrìn àjò, fi fífò kan síbẹ̀ fún un.

Nílé ẹ̀kọ́ tó o bá lọ, wo káàdì parachute tí wọ́n bá fún ẹ wọ̀, ní Amẹ́ríkà èyí tí wọ́n fi nylon ṣe ò gbọ́dọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ látìgbà tí wọ́n ti dì í kẹ́yìn. Ní kí wọ́n fi hàn ẹ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń já kúrò nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílẹ̀. Kó o tó sanwó, béèrè bóyá ìwọ fúnra ẹ lo máa di stick mú láti ìgbà tí bàálù bá wọ spin títí tó fi máa jáde. Tó bá jẹ́ tíṣà ló fẹ́ máa ṣe é kó o máa wò, wá ibòmíràn.