Ọ̀dà Ara Ògiri àti Omi Òjò Tó Ń Fọ̀ Ọ́ Lọ

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìparí oṣù Èbìbí ni mo ní kí wọ́n kun ìta ilé wa. Wọ́n ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n sì fi ọ̀dà olómi kùn ún, èyí tí ẹni tó tà á ní kò ní jẹ́ kí ògiri hu nǹkan dúdú nígbà òjò. Ọjọ́ kejì tí wọ́n parí ni òjò ńlá rọ̀, omi funfun tó ń hó bí omi ọṣẹ sì ṣàn wá sí ìdí ògiri tí mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sí, ó gba ibẹ̀ wọ gọ́tà. Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa ṣeré níbẹ̀. Ṣé ewu wà nínú rẹ̀?

Ìyá àgbà kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣé, ìyá wa, tí ẹ fojú sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wò kọjá. Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìhó yẹn ló pọ̀ sí jù. Ọ̀dà tí òjò bá kó tó gbẹ dáadáa a máa hó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan tó jọ ọṣẹ wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ó pò pọ̀ mọ́ omi.

Èyí tí ojú kò rí ló yẹ kí a bẹ̀rù. Kí ògiri má baà hu nǹkan, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ìta ilé a máa po oògùn mọ́ ọn, lára èyí tí a rí terbutryn àti diuron, tí wọ́n jẹ́ oògùn apakoríko tí a mọ̀ lóko. Bí ọ̀dà bá há oògùn yìí mọ́ra pátápátá, kò lè ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó bá rin ògiri, kí ohun tó fẹ́ hù lè bá a pàdé níbẹ̀. Omi yẹn kan náà ni òjò ń gbá lọ sínú odò, ohun tó sì ń pa ewé ara ògiri kò ní dá ewé inú odò sí, bẹ́ẹ̀ ewé yìí ni oúnjẹ àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ.

Wọ́n ti gbé omi tó ń ṣàn lára ògiri yẹ̀ wò gan-an ní Switzerland àti Jámánì. Àwọn òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kunlé ló ń kó oògùn jù, ògiri tí afẹ́fẹ́ ń gbá òjò lù ló sì ń tú u sílẹ̀ ju èyí tí etí òrùlé bò lọ. Ní 2013, European Union fi terbutryn kún àwọn kẹ́míkà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ nínú odò, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá lílò rẹ̀ lóko dúró.

Síbẹ̀, bí ilé yín bá ti pẹ́, ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ha kúrò ló ń kọ mí lóminú ju tuntun lọ. Wọ́n máa ń fi òjé sínú ọ̀dà láyé àtijọ́, pàápàá ọ̀dà olóróró. Òjé kì í jẹrà. Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé ní 1978, síbẹ̀ a ṣì ń bá a nínú ilẹ̀ ìdí ògiri àwọn ilé àtijọ́ wọn. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, tó sì ti ọwọ́ bọnu, ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí èèpá ọ̀dà nílẹ̀, ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i kí eruku má baà sọ, ẹ ṣà á sínú ọ̀rá, kí ẹ sì da iyẹ̀pẹ̀ mìíràn bo ojú ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá tún fẹ́ kunlé, ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì sọ fún akunlé pé kò gbọ́dọ̀ fọ búrọ́ọ̀ṣì sí gọ́tà. Ògiri tí etí òrùlé bò dáadáa kò nílò ọ̀dà olóògùn rárá.

Ẹ hú tẹ̀tẹ̀ yẹn dànù, ẹ má sì já ewúro náà sọ́bẹ̀ mọ́. Ẹ gé igi rẹ̀ lọ gbìn síbi tó jìnnà sí ògiri; ewé tuntun tó bá yọ níbẹ̀ ni kí ẹ máa sè.