Irú méjì pàdé: function wo ló máa dá wọn lóhùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń fi Python kọ láíbúrárì ìṣirò fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Tanke. Irú márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: odidi nọ́ńbà, ìdá, float (nọ́ńbà onídẹ́símà), matrix (àtẹ nọ́ńbà) àti polynomial (bíi x² + 3x + 1). If àti isinstance (tó ń bèèrè irú tí nǹkan jẹ́) ti kún inú àwọn function mi, ìgbàkigbà tí mo bá sì fẹ́ fi irú tuntun kún un, gbogbo wọn ni mo ní láti tú palẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè tò ó tí function tó yẹ á fi máa jáde fúnra rẹ̀? (Olùkọ́ kan, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Kì í ṣe pé if pọ̀ ni ìṣòro rẹ, ibi tí o kó wọn sí ni. Function tó ń ro ìdá méjì pọ̀ kò yẹ kó gbọ́ orúkọ matrix rí. Ẹni tó ń to èrò sí mọ́tò ní Gáráàjì Ọ̀fà, ibi tí ò ń lọ ló máa bi ọ́, á nawọ́ sí mọ́tò tìrẹ, kò ní bá dẹ́rẹ́bà wà á. Ya ẹni tó ń yan function sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣírò.

Àtẹ kan ṣoṣo ló máa ṣe yíyàn yẹn, dict Python (tó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá nǹkan) sì tó fún un. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe (bíi "mul" fún ìlọ́po), irú ohun tó wà lápá òsì, àti irú èyí tó wà lápá ọ̀tún:

ate[("mul", Ida, Matrix)] = ida_lona_matrix

Bí irú tuntun bá dé, inú fáìlì tirẹ̀ ni yóò ti forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àtẹ. O ò ní fọwọ́ kan kóòdù àtijọ́ kankan.

Wọ́n lè ní kí o lo functools.singledispatch, irinṣẹ́ inú Python tó ń fi irú yan function. Ó ti wà láti Python 3.4, ó sì dáa fún iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún un nìkan ló ń wò. Nínú ìṣirò, apá méjèèjì ló ṣe pàtàkì.

Àmì Python fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tí ọmọ kan bá kọ 1 - x, tí x jẹ́ ìdá tìrẹ, Python á kọ́kọ́ bi odidi nọ́ńbà léèrè. Òun á dáhùn pé NotImplemented (ìyẹn ni pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe), Python á wá lọ bá __rsub__ ti x, function ìyọkúrò fún ìgbà tí x bá wà lápá ọ̀tún. Ibí yìí gan-an ni kí o ti ṣọ́ra: self, ìyẹn x fúnra rẹ̀, ti bọ́ sí apá ọ̀tún, other ló wà lápá òsì. Bí function tó ń wo àtẹ bá ń jẹ́ yan, kọ yan("sub", other, self), má kọ yan("sub", self, other). Bí o bá gbé e sódì, tí x bá jẹ́ 1/4, ìdáhùn tó máa jáde ni -3/4 dípò 3/4. Bí àtẹ kò bá sì ní function fún irú méjèèjì, dá NotImplemented padà. Má ṣe raise NotImplementedError, nítorí ìyẹn kò ní jẹ́ kí Python dé ọ̀dọ̀ apá kejì.

Irú 5 túmọ̀ sí ìpàdé 25 (5 lápá òsì, 5 lápá ọ̀tún) fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí irú bá di 10, ó di 100, má sì jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe èdè Julia gbà ni mo fẹ́ kí o gbà: kọ function fún irú kan náà pẹ̀lú ara rẹ̀, kí o sì kọ òfin tó ń gbé irú kékeré lọ sínú irú ńlá. Odidi nọ́ńbà á di ìdá, ìdá á di polynomial, nǹkan kan ò sì ní sọ nù lójú ọ̀nà.

Float ni kí o fọgbọ́n mú. Fi 9007199254740993 sínú float, 9007199254740992 ló máa bá ọ jáde. Síbẹ̀, jẹ́ kí ìdá di float nígbà tí méjèèjì bá pàdé, bí Fraction, irú ìdá tó wà nínú Python, náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tí n ò fara mọ́ rárá ni kí float máa di ìdá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Fraction(0.1) kì í ṣe 1/10, 3602879701896397/36028797018963968 ni. Ọmọ tó tẹ 0.1 tó rí èyí á rò pé òun ló ṣi ìṣirò ṣe.

Má sì sọ nọ́ńbà di matrix fún àròpọ̀. Ìlọ́po yé gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kí ni 2 + A? Ṣé 2 ni ká fi kún gbogbo àyè inú A, bí NumPy, láíbúrárì ìṣirò Python kan, ṣe ń ṣe, àbí orí diagonal nìkan (ìlà láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún), bí a ṣe ń ṣe tí a bá fi matrix sínú polynomial? Jẹ́ kí ó kọ̀, kí ọmọ náà sọ èyí tó fẹ́.

Bí o bá ní Diagonal tó jẹ́ ọmọ Matrix (irú tó jáde lára Matrix), tí o sì forúkọ (Diagonal, Matrix) àti (Matrix, Diagonal) sílẹ̀, èwo ni Diagonal méjì máa bá lọ? Méjèèjì bá a mu dọ́gba. Julia kì í méfò níbẹ̀, àṣìṣe ló máa ń sọ. Ìwọ náà má méfò. Yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí ó bèèrè (Diagonal, Diagonal) lọ́wọ́ rẹ. Rántí pẹ̀lú pé ọmọ int ni bool nínú Python, nítorí náà True lè wọlé bíi 1 bí o bá ń wo ìran irú, ìyẹn irú tí ó ti jáde wá.

Wíwo ìran irú máa ń jẹ àkókò. Tí o bá ti rí ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan, fi pamọ́ sábẹ́ irú méjèèjì gan-an, kí o sì pa gbogbo ohun tí o fi pamọ́ rẹ́ nígbàkigbà tí ìforúkọsílẹ̀ tuntun bá wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ function àtijọ́ ló máa ṣì máa dáhùn. Ìdá àti odidi nọ́ńbà ni kí o kọ́kọ́ kó lọ sínú àtẹ. Tí ìyẹn bá ti ń ṣiṣẹ́, matrix ló kàn.